Ajá Tó Gbọ́ Yorùbá ní Nkololoun

Tí mo bá gbóòórùn ẹja gbígbẹ láàárọ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ní Nkololoun, ní Douala ní Cameroon, ni ọkàn mi máa ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ajá kí n tó lọ sílé ìwé. Ìyá mi á pariwo láti ilé ìdáná pé, "Ẹni tó bá fọwọ́ kan ajá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò mi o!"

Mùsùlùmí ni wá, ajá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sìn nílé wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún tí gbogbo ìlú ń pè ní la crise ni. Ọjà ò tà, iṣẹ́ ò sí, olè sì ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù káàkiri. Gbogbo ohun tí bàbá mi ní láyé kò ju aṣọ àǹkárá tó kó sí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa lọ. Ló bá ra Bíńgò, ó ní kò gbọdọ̀ wọ ibi tí a ti ń kírun.

Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ajá náà. Èmi ló gbé iṣẹ́ kíkọ́ ọ fún. Màá ní, "Bíńgò, jókòó!" Tó bá jókòó, màá ní, "O ṣeun," màá fún un lẹ́ja díẹ̀. Tí kò bá jókòó, kò síbìínú, kò sì sẹ́ja. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Káfíńtà ará Bassa tó múlé tì wá na ẹran sí i, ó ní kó jókòó lédè Faransé, "Assis! Assis!" Bíńgò gbó mọ́ ọn títí ó fi sá. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Olè wo ní Douala ló máa gbọ́ Yorùbá?" Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jí, ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n já. A ò gbọ́ kí ajá gbó rárá. Bíńgò rèé, ara rẹ̀ le koko, eegun ẹja wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún ò tiẹ̀ jáde.

Àwọn Yorùbá àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa kẹ́dùn. Alàájì tí gbogbo wọn ń pè ní ẹ̀gbọ́n wà lára wọn. Ọkùnrin yìí ò fẹ́ràn ajá wa rárá. Láti òpópónà ló ti máa ń ké pé, "Ẹ so ajá yín o, mo ní àlùwàlá!" Kò fún un lóúnjẹ rí lójú wa. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rántí so ó. Bíńgò ń gbó mọ́ gbogbo ẹni tó ń wọlé. Nígbà tó kan Alàájì, ó dákẹ́. Ó rìn lọ síwájú rẹ̀, ó jókòó, ó ń jùrù, ó sì tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá mi wá sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó ti máa ń fún un tẹ́lẹ̀, "Ẹ fún un ní tiẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó ti jókòó."

Alàájì kó agbádá rẹ̀ jọ, ó jáde. A ò fojú kan aṣọ wa mọ́.

Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà yẹn lọ báyìí. Ọmọ tí mo jẹ́ gbà pé ẹni tó bá kí wa ní "Ẹ kú àárọ̀" nílùú onílùú, ará ilé ni. Ní báyìí, tí mo bá gbọ́ ọ láàárín èrò ní ọjà Marché Central, mo ṣì máa ń dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n màá ti kọ́kọ́ di báàgì mi mú. Ó sì máa ń dùn mí, torí tí mo bá yíjú, ìyá arúgbó kan ni lọ́pọ̀ ìgbà, tó kàn ń wá ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀.