Áyọ́ọ̀nù Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọwọ́ mi kò tíì máa gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n yìí, iṣẹ́ kan wà tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo ọmọ ilé wa lọ. Mo mọ aṣọ lọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Ẹlòmíràn mọ ìwé, ẹlòmíràn mọ eré sísá. Aṣọ lílọ̀ ni tèmi.

Yàrá méjì la háyà lẹ́yìn Bọ́ládé ní Òṣòdì. Olùkọ́ ni bàbá mi. Ìyá mi, tó ti Èkìtì wá bá a, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan sí ẹnu fèrèsé, ó sì ń ránṣọ fún àwọn ará àdúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ lè rò pé rírán nìkan ni iṣẹ́ aránṣọ. Rárá. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹ̀rọ ló ń so ó pọ̀, áyọ́ọ̀nù ló ń sọ ọ́ di aṣọ. Gbogbo ojú rírán tó bá parí, a gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ kó tó bọ́ sí òmíràn, èmi ni mo sì ń lọ̀ ọ́.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni tiwa, èyí tó ní ìdérí bí ìkòkò. Ìta ni mo ti ń dáná sí i, màá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí ẹyín iná á fi pọ́n. Màá gbọn eérú rẹ̀ dànù, màá fi ìdí rẹ̀ ra ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè máa yọ̀, màá sì kọ́kọ́ dán an wò lára àkísà. Omi sítáàṣì tí ìyá mi fi gbáàgúdá ṣe wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màá tọwọ́ bọ̀ ọ́, màá wọ́n ọn sára aṣọ, màá gbé áyọ́ọ̀nù lé e, aṣọ á sì dúró ṣánṣán. Sítáàṣì yẹn ò kúrò lórí mi títí dòní. Òun náà ló padà kó bá mi.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi ń rán aṣọ funfun fún ọmọbìnrin kan ní àdúgbò, tí bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbọ́wọ́ lé lórí lọ́jọ́ kejì. Eré ń dún létí mi níta, mo ń kánjú, mi ò gbọn eérú. Ẹyín iná kan ta jáde láti ihò ẹ̀gbẹ́, ó sì jó aṣọ náà níwájú àyà gan-an. Mo dúró bí igi. Ìyá mi ò nà mí. Ó gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, ó tú iwájú aṣọ náà kúrò, ó sì gé búláòsì funfun tirẹ̀ gan-an tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti fi rán iwájú mìíràn sí i.

"Lọ jókòó," ló wí. "Bí ọkàn rẹ bá balẹ̀, wàá wá gbà á."

Ìjókòó yẹn dùn mí ju ẹgba lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń wò ó bó ṣe ń dá ránṣọ, tó tún ń dá lọ aṣọ. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé áyọ́ọ̀nù náà ka iwájú mi. Mo ti bímọ, mo ti rí ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n ayọ̀ àárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́tọ̀.

Ilé ọmọ mi ní Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé báyìí. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń ránṣọ nínú yàrá tó kọjú sí tèmi. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bàjẹ́, ó ní kí n sin òun lọ sí Òṣòdì ká lọ ra èyí tó ń tú ooru omi jáde. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, àmọ́ mo tẹ̀ lé e.

"Màmá, tòkunbọ̀ gidi nìyí o!" ni ọkùnrin tó ń tà á ń wí. "Ẹ gbé e wò, ẹ wo bó ṣe wúwo."

"Ọmọ mi, tàn án ná. Ẹnu kì í lọ aṣọ."

Ó so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀. Ooru jáde níhìn-ín, kò jáde lọ́hùn-ún. Mo ní ihò mẹ́ta kò mí, kó gbé òmíràn wá. Mo dojú ìyẹn náà délẹ̀, mo fi èékánná wo ìdí rẹ̀ bóyá nǹkan ti ha á. Mo yẹ okùn rẹ̀ wò, mo gbé e sókè sódò, nítorí fúyẹ́fúyẹ́ kì í tẹ ojú rírán. Ọmọ-ọmọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́: "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ yẹn, mo fi jẹun fún ọjọ́ mélòó kan.

Nígbà tá a rà á délé, mo kọ́ ọ bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ wa pọ́n bí ilẹ̀, mo ní kó má ṣe dà á sí i láé. Omi òjò tá a sẹ́, tá a sè, tá a jẹ́ kó tutù, ni kó máa lò. Bó bá sì ti lò ó tán, kó da èyí tó kù nù nígbà tó ṣì gbóná díẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Àṣé èmi tí mò ń kọ́ ènìyàn ni mo máa bà á jẹ́. Ó rán aṣọ funfun tí aládùúgbò wa fẹ́ fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ ṣe ìrìbọmi, ó wá lọ ra bọ́tìnnì ní Àpákún. Mo wo aṣọ náà, ó rọ̀ jọ̀bọ̀. Mo ní ṣebí áyọ́ọ̀nù yìí lẹ́nu tó fi ń mu omi, kí ni mo tún ń fọwọ́ wọ́n omi sí? Mo po sítáàṣì, mo dà á sínú rẹ̀.

Sítáàṣì jiná sínú irin. Òórùn ẹ̀kọ tó jóná kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni nǹkan pupa rúsúrúsú tu sí aṣọ náà. Iwájú àyà ló tún jẹ́.

"Màmá! Kí lẹ dà sí i?"

"Sítáàṣì ni."

"Háà, Màmá."

Kò pariwo. Ó tú iwájú aṣọ, ó rán òmíràn sí i. Ó fi omi àti fínígà fọ inú áyọ́ọ̀nù náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àwọn ihò rẹ̀ tó tún mí. Ó wá gbé e sórí wọ́díróòbù, níbi tí ọwọ́ mi ò tó. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Tèmi náà ò tó o mọ́.

"Ẹ lọ sinmi, Màmá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

Ọ̀rọ̀ rere ni. Kò rí mi fín. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mo kà á. Ó di oṣù kan, ó di òjò, ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ń gbọ́ bí áyọ́ọ̀nù náà ṣe ń mí nínú yàrá kejì, mo sì ń jókòó.

Ayé ti yí padà, mi ò bá a jà. Kò sí eérú tá à ń gbọ̀n mọ́, kò sí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọmọdé ló sì ń ṣàlàyé irin fún àgbà. Èyí tó rẹ̀ mí ni pé nígbà tí ìyá mi ní kí n lọ jókòó, ó ń retí mi. Ẹni tí wọ́n ní kó lọ sinmi, ta ló ń retí rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ẹ gbà á. Àmọ́ ẹ dá ọjọ́ tí ẹ máa dá a padà fún un. Bó jẹ́ irọ́ náà ni, ẹ pa á.