Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àlòkù

Agbẹ́rẹ̀kẹ́ ni gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́ ń pe obìnrin yìí, títí dórí àwọn tó ń gbálẹ̀. Eyín àtọwọ́dá ló kọ́kọ́ ń ṣe. Dókítà kan tó máa ń tún ojú àwọn tó fara pa ṣe ló rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ́ níbi iṣẹ́ ìda, ló bá ní kó wá máa bá òun ṣe egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mẹkáníìkì kan ló kọ́kọ́ ṣe é fún. Jáàkì yọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, irin sì fọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan wọnú. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà wo dígí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò gbé dígí náà sílẹ̀ mọ́. Ó ń fọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí, ló bá bú sẹ́kún. Agbẹ́rẹ̀kẹ́ náà ò lè pa tiẹ̀ mọ́ra. Ó ní bí iṣẹ́ bá rí báyìí, òun á ṣe é dọjọ́ ogbó.

Àmọ́ dókítà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀, ó mú Agbẹ́rẹ̀kẹ́ dání, àwọn tó sì ń wá síbẹ̀ kì í ṣe àwọn tí irin fọ́ lójú mọ́. Àwọn tí nǹkan kan ò ṣe ni. Wọ́n á mú fọ́tò dání, wọ́n á ní báyìí ni àwọn fẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn yọ. Ẹ̀rọ kan á ya egungun orí wọn, ẹ̀rọ kejì á fi ike funfun tẹ agbárí wọn jáde bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Orí agbárí yẹn ni Agbẹ́rẹ̀kẹ́ á ti fi ìda mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó máa bá ẹni náà mu, tí kò ní bá ẹlòmíì mu. Lẹ́yìn náà ló tó wá ń fi ike líle ṣe ojúlówó rẹ̀. Ihò wínníwínní pọ̀ lára ike ọ̀hún. Inú ihò wọ̀nyẹn ni ẹran ara máa ń hù wọ̀, tí á fi dì í mú pinpin. Ohun tó dáa ni, àfi bó bá di dandan kí wọ́n yọ ọ́.

Onídìrí kan wà lára àwọn tó ṣe é fún, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Agbẹ́rẹ̀kẹ́ bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó, ó fi ìborùn bojú.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ló bi í.

Onídìrí sọ ìborùn náà kalẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ti wú, ó ń dán bí ẹni fi òróró kùn ún, omi àwọ̀ ewé gbígbẹ sì ń jò níbi tó ti bẹ́ lábẹ́ ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń rùn," ó ní. "Ọkọ mi ti kó ìrọ̀rí tiẹ̀ lọ sí pálọ̀."

Ó fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ò jáde. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n yọ méjèèjì, nítorí kò sẹ́ni tó lè máa gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ gíga kan kiri.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà gbé abọ́ irin kékeré kan wọlé sí yàrá iṣẹ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì Agbẹ́rẹ̀kẹ́.

"Mà, ẹ bá mi fá àwọn wọ̀nyí díẹ̀. Atọ́kùn ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń dúró níta yẹn la fẹ́ fi wọ́n sí lójú. Ètò rẹ̀ tuntun ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a ò sì lè rí òmíràn ṣe kó tó yá. Egungun rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni àkọ́kọ́, ó kàn kéré díẹ̀ ni."

Agbẹ́rẹ̀kẹ́ ṣí aṣọ tó bò ó. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan ṣì funfun díẹ̀. Èkejì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, fọ́nrán ẹran sì há sínú ihò rẹ̀ bí ẹran ṣe ń há sí eyín. Òórùn rẹ̀ gba orí tíì kọjá wọ̀ ọ́ nímú.

"Ti onídìrí nìyí."

"Òun ò lò ó mọ́."

"Dókítà, ọyún ló wà lára ẹ̀."

"A máa bọ̀ ọ́. Ṣíbí tí ẹ fi ń jẹun nílé oúnjẹ, ṣé ẹnu yín ló kọ́kọ́ wọ̀?"

"Ṣé ẹ lè ki ṣíbí yẹn bọ abẹ́ awọ ojú ìyàwó yín?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ti ṣe tiẹ̀. Tuntun ni wọ́n sì fi ṣe é." Ó bọ́ síta.

Ọwọ́ tí iṣẹ́ ti mọ́ lára kì í dúró béèrè ọ̀rọ̀. Agbẹ́rẹ̀kẹ́ wọ ìbọ̀wọ́, ó mú fáìlì tó fi ń fá ike, ó fi ra èyí tó funfun lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ fò sókè, ó bà á létè. Ó sáré dé ibi ìfọwọ́, ó bì gbogbo ohun tó jẹ láàárọ̀. Nígbà tó ṣẹnu nù tán, ó pinnu pé bí ẹyẹ kì í bá sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, òun máa sọ. Ó gbé abọ́ náà, ó kọjá sí yàrá tí àwọn aláìsàn máa ń dúró sí.

Atọ́kùn ètò náà wà níbẹ̀, ó ń lẹ pọ́dà. Arẹwà ni. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á rò pé ó ṣìlẹ̀kùn wọlé ni.

"Ọmọ mi, wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi sí ọ lójú." Agbẹ́rẹ̀kẹ́ ṣí abọ́. "Ojú ẹlòmíì ni wọ́n ti yọ ọ́ lánàá. Ó kẹ̀ mọ́ ọn lára."

Obìnrin náà gbé pọ́dà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó wo inú abọ́ náà pẹ́.

"Mà, ẹni tó ni ín, ṣé ó rẹwà?"

Agbẹ́rẹ̀kẹ́ rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Kí lo wí?"

"Mo ní nígbà tó wà lójú ẹ̀, ṣé ó yẹ ẹ́?"

"Ó yẹ ẹ́. Kó tó di ọyún."

"Dókítà ti sọ fún mi," obìnrin náà wí, ó tún gbé pọ́dà. "Wọ́n ní àwọn á bọ̀ ọ́. Ẹ ṣáà bá mi fá a dáadáa, mà. Kí ọ̀kan má ga ju ìkejì lọ."

Ìríra tó ṣe Agbẹ́rẹ̀kẹ́ nídìí abọ́ kò tó èyí tó ṣe é nídìí àga obìnrin yẹn. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó fi irin fáìsì orí tábìlì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì mú níkọ̀ọ̀kan, ó fi ayùn gé wọn sí wẹ́wẹ́, ó sì dà wọ́n mọ́ òwú ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ sun.

Dókítà bá a níbi tó ti ń fọwọ́. "Ẹlòmíì á bá mi ṣe é," ó ní. Kò tiẹ̀ bínú.

"Kó bá yín ṣe é."

Bó ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Kò lọ sílé tààrà, ọ̀dọ̀ onídìrí ló gbà lọ, ó sì rò fún un láìfi ọ̀kan pe méjì. Báńdéèjì ṣì wà lójú onídìrí, kò lè la ẹnu dáadáa. Ó gbé kóòmù kalẹ̀.

"Oorun tí mi ò rí sùn nítorí nǹkan yẹn," ó ní, "ẹlòmíì ń tò lórí ìlà nítorí ẹ̀."

Àwọn méjèèjì jọ lọ fẹjọ́ sun àwọn àgbà oníṣègùn tó ń mójú tó iṣẹ́ àwọn dókítà. Wọ́n ti ilé ìwòsàn náà pa, wọ́n tún ṣí i lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ní dókítà ti tọrọ àforíjì. Agbẹ́rẹ̀kẹ́ rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ igi. Fún ìgbà pípẹ́ ni kò lè jẹ ẹran tó bá lẹ̀ mọ́ egungun. Bọ́ṣẹ́ ti wù kó pọ̀ tó lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn abọ́ yẹn á ṣì máa ta sí i nímú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ tan tẹlifíṣọ̀n, atọ́kùn ètò náà yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ga, ó ń dán.

"Obìnrin yìí mà lẹ́wà o," ọkọ rẹ̀ wí.

Agbẹ́rẹ̀kẹ́ wò ó títí. Kò mọ ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí fún un, kò sì wù ú kó mọ̀. Ó dìde, ó lọ pa tẹlifíṣọ̀n náà, ó sì bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó má bínú.