Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Tuntun Bi Mí

Yàrá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ títẹ̀wé ní Ṣakí kọjú sí àgbàlá tí àwọn aládùúgbò ti ń se òrí, nítorí náà gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, láti orí bébà dé ara aṣọ tí mo fi ń bo kọ̀ǹpútà, ló máa ń rùn bíi kóró èso òrí tí a yan. Inú òórùn yẹn ni ìfẹ́ ímeèlì ti wọ̀ mí lára. Kí n tó ní ẹ̀rọ tèmi, kafé kan lẹ́bàá ọjà ni mo ti ń ka lẹ́tà ọkọ mi. Mo máa ń kà á kíákíá kí àkókò má baà tán, mo máa ń dìde, lẹ́tà náà a sì dúró sẹ́yìn bí àlejò tí a kò jẹ́ kó bá wa délé. Lọ́jọ́ tí mo so módẹ̀mù mọ́ kọ̀ǹpútà àkọ́rà mi, tí mo ṣí ètò ímeèlì tó wà nínú rẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ka ọ̀kan. Mo fa módẹ̀mù yọ. Lẹ́tà náà kò lọ. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sókè débi pé ẹnì kan béèrè láti àgbàlá pé, "Ìyá Àfúsá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Ọ̀rẹ́ mi, láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti sinmi. Kò sí ibi tí a lè tẹ̀ nínú ètò náà tí n kò tẹ̀ wò.

Òkè Ọya ni ọkọ mi wà nígbà náà, ó ń ṣe akọ̀wé fún àwọn tó ń la ọ̀nà mọ́tò. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló sì ń wálé, nígbà Iléyá àti nígbà tí òjò bá dá iṣẹ́ wọn dúró. Ọ́fíìsì ńlá wọn ni mo ń kọ lẹ́tà sí. Wọ́n a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà níbẹ̀, wọ́n a fi rán awakọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì lọ bá a. Òun náà a wá dáhùn láti orí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni tó bá rí tọrọ: ti ẹnjiníà, ti olùkọ́ abúlé kan, ti kafé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nítorí pé ẹ̀rọ kì í ṣe tirẹ̀, ó máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, bí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ìjọba.

Ìwọ náà mọ bí ilé wa ṣe rí. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Àwọn àbúrò ọkọ mi pàápàá, orúkọ tí mo fún wọn lọ́jọ́ tí mo wọlé ni mo ń pè wọ́n: Adúmáadán, Ẹyinjú-ẹgẹ́. Bí wọ́n ṣe wà lẹ́nu mi ni mo ṣe kọ wọ́n sínú ìwé àdírẹ́sì ètò náà. Ní ti ọkọ mi, gbogbo àdírẹ́sì tó bá ti fi kọ̀wé, èyí tí ó wù kó jẹ́, mo máa ń so ó mọ́ orúkọ kan ṣoṣo, "Bàbá Àfúsá." Láti ìgbà náà lọ, orúkọ yẹn ni ètò náà ń fi hàn mí; àdírẹ́sì gan-an fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ètò náà a sì máa kó gbogbo lẹ́tà tó bá ti àwọn àdírẹ́sì yẹn wá jọ sínú àpò kan tó ń jẹ́ orúkọ náà. Mo ka èyí sí ọgbọ́n ńlá. Mo tilẹ̀ kọ́ àwọn mìíràn.

Ó fẹ̀yìn tì, ó kó ẹrù rẹ̀ wálé. Lẹ́yìn gbogbo lẹ́tà yẹn, oṣù mẹ́sàn-án la fi jọ sọ̀rọ̀ lójúkojú, àìsàn ọjọ́ mọ́kànlá sì mú un lọ. Nígbà tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán, àwọn ọmọ padà sí Ìlọrin àti Àbújá. Ilé wá tóbi. Mo máa ń gbọ́ kí yìnyín inú ẹ̀rọ amúǹkan-tutù já bọ́ láti yàrá kejì. Tí oníbàárà bá ti tán ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ṣí àpò "Bàbá Àfúsá," mo máa ń ka ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré, kó má baà tètè tán.

Báyìí ni mo ṣe ń bá a lọ títí kọ̀ǹpútà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ṣẹ̀ẹ́, ṣẹ̀ẹ́, ṣẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí adìẹ bá ń ṣa àgbàdo jẹ lórí páànù. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ mọ̀ pé ìró ikú nìyẹn. Àwọn tó ń bá wa gbé ímeèlì náà sì kọ̀wé pé àwọn kò ní gba ètò àtijọ́ wọlé mọ́. Mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, mo fi ètò tuntun sí i. Ó ní àwọ̀ mẹ́ta tí a lè yàn nínú wọn, ó lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú ẹgbẹ̀rún lẹ́tà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin múra sílẹ̀. Mo rí ibi tí ètò àtijọ́ ń kó lẹ́tà pamọ́ sí, mo dà wọ́n kọ sórí fíláàṣì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo ka iye wọn: 6,208. Èyí tó jẹ́ ti ọkọ mi nínú wọn ni n kò kà sọ́tọ̀. Kí ni mo fẹ́ kà á fún, nígbà tí wọ́n wà nínú àpò tiwọn?

Lẹ́tà náà wọ inú ètò tuntun láìku ẹyọ kan. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Ìgbà tí mo wá wò ó dáadáa ni mo rí i pé inú àpò kan ṣoṣo ló da gbogbo wọn sí, bí ìgbà tí a bá da ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí sínú igbá kan. Lẹ́tà ọkọ mi dà pọ̀ mọ́ ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo tẹ̀, mọ́ ìkéde ìgbéyàwó, mọ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbẹ̀. "Bàbá Àfúsá" kò sí níbì kankan. Ìwé àdírẹ́sì, ibòmíràn ni ètò àtijọ́ ń tọ́jú rẹ̀ sí, n kò sì mọ̀; lẹ́tà nìkan ni mo kó. Mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ó kọ ṣẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ dúdú, kò tàn mọ́ láéláé.

Mo jókòó ti ètò tuntun náà. Mo kọ "Ìyá Àfúsá" sí ibi ìwákiri, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Lẹ́tà 4,377 ló kó wá. Gbogbo Ṣakí ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo wá kọ "Bàbá Àfúsá." Ìyẹn kó 987 wá, ọkàn mi fò sókè. Mo ṣí àkọ́kọ́: èmi ni mo kọ ọ́. Mo ṣí ìkejì: èmi ni. Kò pe ara rẹ̀ ní Bàbá Àfúsá rí láyé. Èmi ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kà wọ́n. Bàbá Àfúsá, ṣé ẹ ti gbọ́ pé òrùlé ẹ̀yìn ń jò? Bàbá Àfúsá, ṣé ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́? Ìbéèrè lórí ìbéèrè, kò sí ẹni tó dáhùn ọ̀kan. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè dá nìkan wà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ohùn ara rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé láti Òkèhò pẹ̀lú èlùbọ́. Kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í dá sí. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ẹ̀rọ.

"Ìyàwó, àbí èyí lo wá fẹ́ báyìí ni? Láti àárọ̀ lo ti ń wò ó lójú."

"Ẹ má bínú, Ìyá wa. Lẹ́tà Bàbá Àfúsá ni mò ń wá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bàbá Àfúsá, àmọ́ tèmi nìkan ló ń kó wá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń jẹ́ Bàbá Àfúsá? A ti bí i, a ti sọ ọ́ lórúkọ, ó ti jí ẹ̀pà wú lóko bàbá wa, kí Àfúsá tó dáyé. Pe orúkọ rẹ̀ fún un jàre."

"Háà, Ìyá wa! Ẹnu mi ò lè gbé e."

"Ṣé ẹnu lo fi ń tẹ̀ ẹ́ ni? Ṣebí ọwọ́ ni. Ó yá, èmi á máa pè é, ìwọ máa tẹ̀ ẹ́."

Ó pè é. Ó pè é gbangba bí ẹni pé ó wà lẹ́yìnkùlé, kó wá jẹun. Mo tẹ̀ ẹ́, ìka mi wúwo. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí mo ti wọlé wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ náà ti ọ̀dọ̀ mi jáde, n kò sì ní kọ ọ́ síbí yìí náà. Ìṣẹ́jú àáyá méjì gan-an. Lẹ́tà 1,131.

"Ó dáhùn?" Ìyá wa béèrè.

"Ó dáhùn."

"Ka ọ̀kan fún mi."

Mo ka èyí tó wà lókè: "Ìyá Àfúsá, adìẹ ẹnjiníà yé ẹyin sínú akẹtẹ̀ mi. N kò rí ohun bo orí lọ síbi iṣẹ́ lónìí, oòrùn sì mú."

"Irọ́ ló ń pa," ni ó wí, ó ń fi etí gèlè nu ojú. "Òun ló gbé akẹtẹ̀ kalẹ̀ fún un. Láti kékeré ló ti ń bá adìẹ ṣe bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí ó ti padà sí Òkèhò, mo fi àdírẹ́sì tí mo rí lára àwọn lẹ́tà náà wá àwọn tó jọ wọ́n, iye wọn sì di 1,149. Àmọ́ n kò yé ronú. N kò sọ pé àṣà wa kò dára. Bí wọ́n bá jí ọkọ mi dìde lọ́la, Bàbá Àfúsá ni n óo pè é. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú gbogbo lẹ́tà yẹn, òun nìkan ló ń pe orúkọ rẹ̀. Ó ń gbé láàárín àwọn àjèjì tó ń pè é ní Akọ̀wé, ó ní ìyàwó tó ń pè é ní bàbá ọmọ rẹ̀, ó sì ń kọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé nítorí ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ni. Bóyá òun náà fẹ́ kí ibì kan wà tí yóò ti máa rí i.

Àwọn tí kò fi orúkọ sí ṣì wà nínú ìyókù, níbi tí ìkánjú ti mú un. Ogún lẹ́tà ni mò ń ṣí lójúmọ́, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Èmi tí mo fẹ́ràn láti mọ iye ohun gbogbo, n kò mọ iye tí èyí jẹ́, nítorí náà n kò lè sọ pé ó ti tán, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá mo bá ọ̀kan tó jẹ́ òfìfo pátápátá, kò ní àkọlé, kò ní ọ̀rọ̀ kan. Ǹ bá ti fò ó. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, láti àdírẹ́sì kan náà, òmíràn wọlé: "Ìyá Àfúsá, má wo ti àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi ló ṣì tẹ̀ ẹ́. N kò tíì sọ nǹkan kan." Mo fi àwọn méjèèjì kún méje tí mo ti rí ṣáájú. Ó di 1,158.