Irin tí A Kì í Gbà Lọ́wọ́ Ara Wa

Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo máa ń yẹ̀ wò kí n tó jáde nílé lọ́jọ́ Sátidé. Màá nà án síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, màá máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ alágídí pé kó jọ̀ọ́, kó má dójú tì mí lónìí. Nígbà mìíràn á gbọ́. Nígbà mìíràn á máa gbọ̀n títí tí màá fi kì í bọ àpò.

Àwa kan wà ní New York níbí tá a ń kó ohun èlò idà àtijọ́ ti ilẹ̀ Jàpáàn jọ. Tsuba ni wọ́n ń pè é. Awo irin pẹlẹbẹ ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n ń fi sáàárín èèkù àti ojú idà kí ọwọ́ má baà yọ̀ lọ bá ibi tó mú. Àwọn alágbẹ̀dẹ wọn á wá gbẹ́ ẹyẹ tàbí omi sí i lára. Ìyàwó mi ní tòun, ìdérí ìkòkò tó dípẹtà ni, pé páànù tí wọ́n ń dà nù l'Ábẹ́òkúta ni mò ń kó wọ ilé wa ní Canarsie níbí. Ìpẹtà dúdú yẹn gan-an ni ẹwà rẹ̀, ẹni tó bá fi kànìnkànìn bó o ti bà á jẹ́.

Ọwọ́ ọ̀tún náà ni gbígbọ̀n yìí ti bẹ̀rẹ̀ lára bàbá mi. Ẹbí ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n ń gbààwẹ̀ kiri, títí bàbá ò fi lè de bọ́tìnnì ara wọn mọ́. Èmi ń ṣiṣẹ́ nílé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, mo mọ orúkọ tí òyìnbó ń pe àìsàn yẹn. Kí ni mímọ̀ ọ́n ṣe fún mi? Ẹ̀rù ló dá kún ẹ̀rù. Mi ò sọ fún ìyàwó mi, mi ò sì lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì sọ ọ́, mo ṣì lè máa pè é ní àárẹ̀.

Ilé bàbá ará Jàpáàn kan ní Manhattan la ti ń pàdé ní Sátidé. Àwọn ni ọ̀gá wa, Bàbá ni mò ń pè wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òfin ibẹ̀ le: fọ ọwọ́, bọ́ òrùka, etí irin nìkan ni kó o dì mú, má sọ̀rọ̀ lé e lórí kí itọ́ má baà ta sí i. Èyí tó ga jù ni pé a kì í gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ẹni tó bá wò ó tán á gbé e sórí aṣọ, ẹni tó kàn á wá fúnra rẹ̀ gbé e. Wọ́n ní láàárín ọwọ́ méjì ló ti máa ń bọ́, torí kálukú rò pé ẹnì kejì ti dì í mú.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Bàbá mú èyí tó pẹ́ jù nínú tiwọn jáde, tí wọ́n gbẹ́ àwọn ẹyẹ tó ń fò sí lára, irin rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Tábìlì wọn kò ga. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tìnira-tìnira láti gbé e kalẹ̀, kí n tó ronú, mo ti dìde, mo ti kúnlẹ̀, mo ti na ọwọ́ méjèèjì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wọn ò kọ́ mi kí n jókòó kí àgbà máa bẹ̀rẹ̀ níwájú mi. Ó ya Bàbá lẹ́nu, ni wọ́n bá fi í sí mi lọ́wọ́.

Mo ti gbàgbé òrùka ìgbéyàwó sọ́wọ́. Irin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lu òrùka, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Mi ò lè gbé e kalẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀, ariwo yẹn ò sì dúró. Ẹ̀rù pé ó lè já bọ́ kọ́ ló ń bà mí mọ́, bí kò ṣe pé gbogbo wọn ló ń gbọ́. Bàbá fi ọwọ́ tiwọn sábẹ́ tèmi, a jọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí aṣọ.

"Ó ti pẹ́?" Bàbá bi mí jẹ́jẹ́.

Mo ní ó ti ń ṣe mí láti ìgbà òtútù.

"Láti òní lọ, máa jókòó tì mí. Èmi á máa dì í mú, ìwọ á máa wò ó."

Mo ní ẹ ṣé, Bàbá. Oore ni wọ́n ṣe mí o, àmọ́ ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ò láfiwé. Ẹlòmíràn ti rí i báyìí, kò sì pè é ní àárẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, délé. Ìyàwó mi ń fọ ẹ̀fọ́ ní kíṣìnì. Mo ní, "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bíi ti bàbá mi."

Ó ti ẹ̀rọ omi pa. "Èwo nínú wọn?"

Mo na méjèèjì síwájú kí n lè fi ọ̀tún hàn án. Òsì náà ń gbọ̀n. Ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù lásán, ó sì lè jẹ́ òun náà ni, mi ò lè sọ. Ìyàwó mi gbá wọn mú, ó ní, "Ẹ má wò wọ́n mọ́, ojú mi ni kẹ́ ẹ wò." Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn ni mò ń wò.