Òrùka Irin Tó Há Sí Ẹ̀gbọ́n Lára

Nígbà tí mo ń gbé ní Ìrémọ, láwọn ọdún tí a ṣì ń rìn wọ Modákẹ́kẹ́ tí a sì ń rìn jáde láìwẹ̀yìn wò, yàrá mẹ́fà ló wà nínú ilé tí mo háyà sí. Èmi wà nínú ọ̀kan, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kan sì wà nínú èyí tó kọjú sí tèmi. Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Torí pé ó jù mí lọ dáadáa, Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, irú ẹni tó máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù.

Èmi ní tèmi, ìdí ẹ̀rọ ni mo ti ń jẹun. Ibi tí wọ́n ti ń gé irin, tí wọ́n sì ń jó irin pọ̀ ní yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá bàjẹ́, tí wọn ò sì rí páàtì rẹ̀ rà, àwa la máa ń ṣe òmíràn fún wọn. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu nígbà tí Ẹ̀gbọ́n kan ilẹ̀kùn mi lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, tó ní òun fẹ́ béèrè nǹkan nípa irin.

"Irú irin wo ni kì í dógùn-ún?"

Mo ní, "Ó wà lọ́wọ́ ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ṣe."

"Mo fẹ́ gbé e kọ́ ni."

"Sára ògiri ni àbí sókè àjà?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì padà wá jókòó. "Sára mi ni."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń gbé irin kí apá wọn lè le ló ń sọ. Mo ti fẹ́ máa yìn ín. Àfi bó ṣe fa ìwé kan yọ láti inú Bíbélì rẹ̀, ewé mẹ́rin tí wọ́n ti ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ títí tí lẹ́tà inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Òyìnbó kan ló kọ ọ́. Òyìnbó náà ní bí ọkùnrin bá ń so ẹrù mọ́ nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gùn sí i. Àwòrán wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ya àwòrán náà kò ya ojú sí ọkùnrin inú rẹ̀, mi ò sì bá a wí.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbéyàwó lóṣù méjì sí i. Aránṣọ ni obìnrin náà, ní Modákẹ́kẹ́, òun náà sì ti nílé ọkọ rí. Mo bi Ẹ̀gbọ́n bóyá ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló ráhùn.

"Ráhùn kẹ̀? Ọmọ ìjọ ni, a ò tíì dé ibẹ̀ rárá. Ará ọ́fíìsì wa kan ni. Níbi tá a ti ń tọ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì ló ti yọjú wò mí, ló bá ní, 'Akọ̀wé, ṣé èyí náà lẹ fẹ́ gbé lọ sí Modákẹ́kẹ́?' Ó rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kejì ló mú ìwé yìí wá fún mi. Mi ò tíì sùn dáadáa láti ìgbà náà."

Mo ní kó lọ rí dókítà. Ó ní, "Kí n dé ibẹ̀ kí n wí kí ni? Pé kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n?"

Kí n má parọ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bí mi nínú jù níbẹ̀ ni iṣẹ́ burúkú tí òyìnbó náà fẹ́ kí èèyàn ṣe. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ní kí wọ́n fi so ẹrù, kókó tó ń fún mọ́ra bí ẹrù bá ṣe ń fà á. Níbi iṣẹ́ wa, a kì í gbé nǹkan rọ̀ sórí ṣéènì láìjẹ́ pé a ti mọ bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù tí èèyàn ò lè tètè tú sílẹ̀ ti kúrò ní ẹrù, ìdẹkùn ni.

Mo padà lọ bá a. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn o. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá máa ṣe é dandan, ẹ má fi okùn ṣe é, ẹ má fi wáyà ṣe é. Èyí tó wá burú jù ni òrùka tí kò lẹ́nu. Ẹ má sún mọ́ ọn."

Mo bá a gé awọ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, mo fi aṣọ òtútù mi kan tó ti gbó tẹ́ inú rẹ̀ kó má baà bó o lára. Nọ́ọ̀tì elétí méjì ni mo fi dè é, irú èyí tí èèyàn lè fi ọwọ́ lásán tú kíá. Agolo mílíìkì ni mo so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo ní iyanrìn ṣíbí méjì péré ni kó máa bù sí i. Mo kìlọ̀ fún un pé bí ibẹ̀ bá tutù, tó kú tipiri, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, kó tú u lójú ẹsẹ̀, kó má sì wọ̀ ọ́ ju ìwọ̀nba àkókò tí ẹyin fi ń jinná lórí iná. Mo kọ́kọ́ gbé e kọ́ àtàǹpàkò ara mi. Ẹ̀gbọ́n ń wo àtàǹpàkò náà bí ẹni pé yóò gùn lójú òun.

Ó lò ó fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Mo bi í bó ṣe ń lọ.

"Mò ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀, rúlà ò gbọ́," ló wí.

Sùúrù rẹ̀ tán níbẹ̀. Ó ní iyanrìn ti ọmọdé ni. Kò sọ fún mi o, ó lọ sí Sábó, ó ra irin òṣùwọ̀n àtijọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlùbọ́sà, irin kílò méjì. Lẹ́yìn náà ló yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó gba òrùka béárìn, irin líle inú ẹsẹ̀ ọkọ̀, tó ti yọ, ó ní òun fẹ́ fi di ìwé mú lórí tábìlì.

Sátidé ìmọ́tótó ló wá yan láti dán an wò, torí ó rò pé gbogbo wa yóò wà níta. Òótọ́ ni, ìta la wà. A ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, Màmá onílé dúró tì wá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ka orí wa.

"Akọ̀wé dà? Akọ̀wé! Ṣé ẹ̀yin nìkan ni ọwọ́ yín ò gbọdọ̀ kan ìdọ̀tí?"

"Mo ń bọ̀, Mà!" Ohùn rẹ̀ ń jáde láti inú yàrá.

Kò pẹ́ sígbà náà la gbọ́ gbì! Ilẹ̀ mì.

Màmá ní, "Kí nìyẹn?"

"Bíbélì ló bọ́, Mà!"

"Bíbélì wo ló ń dún báyẹn?"

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo rí i tó yọ orí lójú fèrèsé, tó ń fi ìka kan pè mí. Mo wọlé. Irin òṣùwọ̀n wà nílẹ̀, okùn rẹ̀ ti já, ó sì ti dá ihò sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Òrùka béárìn ní tirẹ̀ kò kúrò lára Ẹ̀gbọ́n. Ara ti wú yí i ká, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń lọ sọ́nà aró. Ó ti fi ọṣẹ, ó ti fi àdín, ó ti fi àdúrà.

"Ẹ wọ nǹkan," mo ní. "Ilé ìwòsàn là ń lọ."

"Jọ̀ọ́, àbúrò mi, ṣé o ò lè fà á díẹ̀?"

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Kò sí ṣòkòtò tó gbà á. Agbádá funfun tó fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó ló wọ̀ sórí ìhòòhò rẹ̀, a sì jáde. Màmá onílé wò ó látòkè délẹ̀. "Àwa ń kó gọ́tà, ẹ̀yin ń wọ agbádá!"

Ìyọnu tó kù ni pé ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ rìn kí ìmọ́tótó tó parí. A ń fẹsẹ̀ rìn lọ, Ẹ̀gbọ́n ya ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí a ò rí. Ní oríta, wolé-wolé kan dá wa dúró.

"Níbo lẹ fẹ́ lọ? Òde ni, lásìkò ìmọ́tótó?"

Mo ní, "Ilé ìwòsàn ni, ọ̀gá. Òrùka ló há sí wọn lára."

"Òrùka? Ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yẹn."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì. Kò sí níbẹ̀ náà.

Wolé-wolé kọjú sí mi. "Òrùka ọ̀hún dà?"

"Kì í ṣe lọ́wọ́, ọ̀gá."

"Lẹ́sẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ gòkè díẹ̀ sí i."

Ó wo Ẹ̀gbọ́n. Ó wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ya. Ó tún wo agbádá. Lójijì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo iwájú ṣòkòtò ara rẹ̀. "Yéè! Bàbá!" Kò bi wá ní nǹkan kan mọ́. Ó fọn fèrè, ó pe ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó pàǹtí, ó sì gbé wa sẹ́yìn rẹ̀ láàárín koríko àti páálí. Òun fúnra rẹ̀ jókòó níwájú, ó ń sọ fún dírẹ́bà pé kó rọra ní gbogbo ihò. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sínú ihò, Ẹ̀gbọ́n á pe Jésù.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà wá. Ó ká agbádá sókè, ó wò ó, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni tó wo ìkòkò ọbẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ lẹni àkọ́kọ́. Ti èyí tó wá ṣáájú, ẹnu ìgò ni."

Wọ́n fi yìnyín sí i, wọ́n fi òróró sí i, wọ́n wé báńdéèjì mọ́ ọn kí wíwú náà lè lọ sílẹ̀. Òrùka ò yẹsẹ̀. Dókítà dé, ọmọkùnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Ó mú irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń gé òrùka wúrà wá. Eyín irinṣẹ́ náà dá lára béárìn.

Dókítà nu òógùn ojú. "Ta ló mọ̀ nípa irin níbí?"

Gbogbo wọn wo ọwọ́ mi tí gírísì ti wọ̀ lára.

Ọkọ̀ pàǹtí yẹn ló tún gbé mi lọ gbé irinṣẹ́ wá láti yunifásítì. Mo ti gé irin fún ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ti gé irin fún adájọ́ tí kọ́kọ́rọ́ géètì rẹ̀ sọnù, ṣùgbọ́n mi ò gé irin lára èèyàn rí. Dókítà fún Ẹ̀gbọ́n ní abẹ́rẹ́ kó má baà mọ ìrora, ó sì rọra ti páànù pẹlẹbẹ kan bọ àárín irin àti ara kí ayùn má baà kọjá ààlà. Nọ́ọ̀sì ń kán omi tútù sí i kí irin má gbóná. Èmi ń fa ayùn.

"Àbúrò mi," Ẹ̀gbọ́n ní, ojú rẹ̀ wà lókè àjà, "ṣé o jẹun láàárọ̀?"

"Mo jẹun, sà."

"Ó dáa. Má jẹ́ kí òòyì kọ́ ọ."

Ojú kan ò tó, béárìn kì í ṣí bíi wúrà. Ojú méjì ni mo gé. Nígbà tí ó já sí méjì tó bọ́ sínú àwo, gbogbo wa mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi Ẹ̀gbọ́n, tó bú sẹ́kún.

Dókítà dúró títí tí àwọ̀ ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ó ní bó bá jẹ́ pé a dúró di ìrọ̀lẹ́ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn la ò bá máa sọ. Ó ní ẹrù lè fa iṣan ya, ó lè pa ibẹ̀ kú, kí èyí tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ má ṣiṣẹ́ mọ́. Ó wá fà mí mọ́ ọn: ó ní awọ àti agolo tèmi náà kò sí lára ohun tí òun lè fọwọ́ sí.

"Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé ó kéré, sà?"

"Ará ọ́fíìsì wa kan."

"Ṣé dókítà ni?"

"Akápò ni."

"Kó máa bá owó ìjọba lọ. Bó ṣe yẹ kí ti ọkùnrin rí ni tiyín rí, sà. Ó pé."

Ẹ̀gbọ́n ní kó jọ̀ọ́ kó tún un sọ. Dókítà tún un sọ.

Wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú kí ara rẹ̀ lè jinná, èyí ló fi di dandan kó sọ fún obìnrin náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, téèpù ìránṣọ lọ́rùn.

"Wọ́n ti sọ fún mi," ló wí. "Àmọ́ mo mọ̀ pé wọ́n fo ibì kan. Ẹ sọ ibi tí wọ́n fò."

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí Bíbélì tó bọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wolé-wolé, ó ti fẹ̀yìn ti ògiri, omijé ẹ̀rín ń dà lójú rẹ̀. Díẹ̀ sí i, mo rí i pé ẹ̀rín nìkan kọ́ mọ́.

"Torí mi ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe ara wọn léṣe? Láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń wọn ọkùnrin, èjìká, àyà, ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ẹyọ kan ò bi mí rí pé kí ni mo ń fẹ́."

Mo ní, "Kí lẹ̀ ń fẹ́?"

"Ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́, bó bá jókòó sídìí oúnjẹ, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé èmi nìkan ni mo wà nílé. Ẹni tí yóò máa bá mi sọ̀rọ̀ ni mò ń wá." Ó nu ojú, ó dìde, ó sì lọ.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Wọ́n háyà yàrá méjì lápá Sábó, mo sì lọ kí wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé iyán síwájú mi. Láti ìgbà tí a ti fọwọ́ ni Ẹ̀gbọ́n ti ń sọ̀rọ̀: fáìlì tó sọnù, ọ̀nà tí ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn ti ṣe tí kò sẹ́ni tó rí i, alága tó sùn nínú ìpàdé. Iyán tirẹ̀ ti tutù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun ná." Ìyàwó rẹ̀ gbé orí ẹja sínú àwo rẹ̀, ó sì kọjú sí mi.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ló wí. "Alága ọ̀hún, ṣé ó hanrun?"

"Hanrun? Jẹ́ n sọ fún ọ..." ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì ti ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.