Ọjọ́ Tí Bọ́ọ̀sì Bàbá Mi Ké Bí Òròmọdìyẹ

Ọjọ́ tí a múra láti fi bọ́ọ̀sì àtijọ́ bàbá mi rìnrìn àjò kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ayé ológun ni, táyà wọ́n bí ojú, bọ́ọ̀sì náà sì ti wà lẹ́yìn ilé wa ní Òdìgbó fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ẹni tó wà á. Ọ̀fà là ń lọ, sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi tí n kò tíì rí rí.

Ìyá mi tẹ́ ẹní tí a ó sùn sẹ́yìn ọkọ̀. Bí bàbá mi ṣe fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́, mo gbọ́ ohùn kan.

Mo kígbe pé, “Bàbá, ẹ dúró! Kí ló ń ké nínú ẹ́ńjìnnì?”

Wọ́n ṣí i. Adìyẹ wa kan tó ti sọnù láti bí oṣù kan ló pa ẹyin síbẹ̀, àwọn òròmọdìyẹ rẹ̀ sì ń ké lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀!

Bàbá mi kó adìyẹ náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú agbọ̀n. Lẹ́yìn náà la gbéra.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kì í yí kọ́kọ́rọ́ láìkọ́kọ́ bi mí pé, “Kí lo gbọ́?”