Nọ́ọ̀tì Kẹta

Ó-Ti-Parí ni gbogbo àdúgbò ń pe oníṣẹ́ iná yìí. Bó bá ti de nọ́ọ̀tì kan le, á kán ọ̀dà pupa sí i lórí, á ní, "Ó ti parí," kò sì ní wẹ̀yìn mọ́. Ẹni tó bá ní kó tún iṣẹ́ yẹ̀ wò, bíi pé onítọ̀hún bú ìyá rẹ̀ ni.

Ibi tó ti ń so wáyà ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ní balùwẹ̀ olùkọ́ kan ni wáyà ti gé e ní àtàǹpàkò. Ó fi àkísà wé e, ó palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ó lọ. Olùkọ́ àti ìdílé rẹ̀ ti rìnrìn àjò tán kí Ó-Ti-Parí tó bi ara rẹ̀ pé: nọ́ọ̀tì kẹta ńkọ́? Kò rántí bóyá òun dè é le. Bí wáyà yẹn bá tú, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ balùwẹ̀ lè má jáde láàyè.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oorun sá lójú rẹ̀. Ọ̀fìnkìn mú un, ó lọ, ó tún padà bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, egbò ṣì ń ṣọyún. Ìyàwó rẹ̀ dá ọṣẹ lẹ́bi, ó sì pe àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò rí àtọ̀gbẹ. Ó ní ara ní ọmọ ogun tó ń lé àrùn, tó sì ń tún egbò ṣe. Bí ọkàn bá ń ké "olè" láti àárọ̀ dalẹ́, àárẹ̀ á mú wọn.

"Bọ̀dá, olè wo ni wọ́n ń lé?"

Ó sọ ọ́ wàyí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó ní ọ̀la ni olùkọ́ àti ìdílé rẹ̀ ń bọ̀.

"Ẹ ò wá pè wọ́n?"

"Kí n ní Ó-Ti-Parí ò mọ̀ bóyá ó parí?"

Nọ́ọ̀sì gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Ó pe olùkọ́, olùkọ́ sì ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn. Láràárọ̀ ni Ó-Ti-Parí sì ń kí aránṣọ náà kú iṣẹ́.

Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó wọlé, ó pa iná, ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀tì méjì ní ọ̀dà. Ẹ̀kẹta ò ní in, àmọ́ ó le pinpin, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ sì wà lórí rẹ̀: àmì àtàǹpàkò òun fúnra rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ náà ló sùn bí ọmọ ọwọ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, egbò jinná. Ìyàwó rẹ̀ ní ọṣẹ tuntun tóun rà ló ṣiṣẹ́, kò sì bá a jiyàn. Ní báyìí, ó máa ń ti ẹnu ọ̀nà padà lọ yẹ iṣẹ́ wò. Àdúgbò ti ń pè é ní Ó-Ku-Díẹ̀. Ó ń jẹ́ ẹ, ó sì ń sanra.